Bí Iná Ààrò Àwẹ̀ró Ṣe Dé Etí-Ọ̀sà

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tí kò bá tíì jẹun, kó lọ jẹun ná, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ebi gbọ́. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun máa ń béèrè pé "ṣé òótọ́ ni?", kó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kó má baà dí mi lọ́wọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà, mo ti sùn sórí igi tí ejò ń sùn sí, n kò sì ní wá jókòó síbí kí n máa bá ọmọ tí wọ́n bí lánàá jiyàn.

Ìtàn ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́lànà, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ ní ìlú wa yìí, Ìdí-Àtòrì. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin gíga ni, ó sì fẹ́ràn ara rẹ̀ gidigidi. Bí ó bá pa ọ̀yà kan péré, a kì í gbádùn ní ìlú títí gbogbo wa yóò fi mọ ibi tí ọta gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Ìyàwó rẹ̀ ni Àwẹ̀ró, obìnrin kékeré tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Òun ló sọ apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí fún mi, nítorí pé bí ọ̀gá mi bá ti sọ ọ́ dé ibẹ̀, a máa rántí lójijì pé òun fẹ́ lọ wo tàkúté.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọdẹ́bùnmi. Ọmọ náà lọ fẹ́ apẹja kan tó ń jẹ́ Kúyọ̀rọ̀, ní Etí-Ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Inú bí Ọdẹ́lànà. Ó ní ta ni yóò máa la gbogbo igbó ayé kọjá kó tó fojú kan ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀, kò sin ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà, láti ọjọ́ náà kò sì béèrè àlàáfíà rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ní kọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà ibẹ̀ bọ̀ ni í máa fún lẹ́mu mu, tí yóò sì máa fi ọgbọ́n tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu rẹ̀.

Àṣà kan wá wà ní ìdílé Àwẹ̀ró. Iná ààrò wọn kò kú rí. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ a bu ẹ̀yinná fún un láti ìdí ààrò, òun náà a lọ fi dá iná tirẹ̀. Nígbà tí ó bá bí àkọ́bí, iná yẹn ni wọ́n fi ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọdẹ́bùnmi nìkan ni kò gbé iná lọ. Nínú ariwo tí baba rẹ̀ ń pa lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí bù ú fún un. Nígbà tí ó wá kù díẹ̀ kó bímọ, ó ránṣẹ́ sílé.

"Ìyá mi," ni iṣẹ́ náà wí, "ẹ bá mi gbé iná wa wá kí wọ́n tó sọ ọmọ mi lórúkọ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ àlejò nílé wa."

Àwẹ̀ró kó ẹ̀yinná sínú ìkòkò kékeré, ó fi eérú bò ó, ó wé òṣùká, ó gbé e rù. Bí ó ti jáde, ó bá Ọdẹ́lànà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn àti àpò ọdẹ.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Bàbá Ọdẹ́bùnmi?"

"Mò ń ṣọdẹ lọ," ni ọ̀gá mi wí. "Ṣé kì í ṣe pé ọ̀nà ibẹ̀ náà lo fẹ́ gbà?"

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ti rí. Ọ̀nà ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Igbó tó wà láàárín Ìdí-Àtòrì àti Etí-Ọ̀sà kò ní ìlú ènìyàn nínú. Àwọn àgọ́ ló wà níbẹ̀, tí èrò ń wọ̀ sí kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó sì ni wọ́n kì í ṣe ẹ̀dá bíi tiwa. Ibi tí wọ́n ti sùn ni ọ̀rọ̀ wà.

Àgọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ jẹ́ ti iwin kan tó ń jẹ́ Ojúwẹ̀yìn. Ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ibi tó ti ń bọ̀ ló ń rí, kì í rí ibi tó ń lọ, gbogbo ara rẹ̀ sì kún fún àpá igi tó ti rìn lù. Ó kí wọn dáadáa, ó tẹ́ ẹní fún wọn, ó ní òun kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ àlejò ju pé kó já àlọ́ òun lọ.

Ọdẹ́lànà fọwọ́ sọ̀yà. "Pa á. Kò sí àlọ́ tí mi ò lè já."

"Mo ní àlejò kan nílé," ni Ojúwẹ̀yìn wí. "Bí mo bá fún un lóúnjẹ, yóò máa dàgbà sí i. Bí mo bá fún un lómi, yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Iná ni," ni ọ̀gá mi dáhùn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. "Ìyàwó mi gbé e dání báyìí. Èyí tó le ni kí o pa fún mi."

Iwin náà kẹ̀yìn sí i kó lè rí i dáadáa, ó sì wò ó títí. "Ẹnu rẹ ti mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó ku ọwọ́ rẹ."

Ọdẹ́lànà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń rìn lu igi lójoojúmọ́ ló fẹ́ máa kọ́ òun lọ́gbọ́n. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fẹ́ eérú kúrò lójú ẹ̀yinná, ó fi èèpo igi gbígbẹ díẹ̀ sí i, ó tún bò ó. Ní òwúrọ̀ wọ́n dágbére, Ojúwẹ̀yìn sì sìn wọ́n sọ́nà, ó ń fẹ̀yìn rìn kí ó lè máa rí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé Àgọ́ Eléèwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ráhùn pé òfin ilé mi pọ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí kò ga ju ìdí odó lọ ló ni àgọ́ náà, ẹyẹ kan sì wà léjìká rẹ̀ tó ń ka èèwọ̀ fún àlejò. Ènìyàn kò gbọdọ̀ sín níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ jókòó sórí òjìji ẹlòmíràn. Bí ó bá fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ òsì ni kó fi wọ ọ́. Bí ó bá sì ṣì í, kó padà lọ sí ibi tó ti rí àgọ́ náà lọ́ọ̀ọ́kán, kó tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀gá mi tún ìrìn náà bẹ̀rẹ̀ títí ẹyẹ pàápàá fi ń ṣàánú rẹ̀. Nígbà tó wá ráyè jókòó, ó sín.

"Padà," ni ẹyẹ wí.

"Mo ti pa ẹkùn rí," ni Ọdẹ́lànà wí.

"Kì í ṣe níbí," ni ìyá arúgbó náà dá a lóhùn. "Padà."

Wọ́n ní èéfín pẹ̀lú jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Àwẹ̀ró bá da eérú sí i lórí iná rẹ̀, ó fi ìṣẹ́po ìró rẹ̀ bo ẹnu ìkòkò, ó gbé e sí àárín itan rẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀. Ooru rẹ̀ mú un, kò ráhùn. Ọ̀gá mi rí i. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ẹrù ìyàwó òun wúwo ju ti òun lọ.

Ìrònú náà kò bá a dé àgọ́ tó tẹ̀lé e. Orí òkè ni àgọ́ yìí wà, ti àwọn Olótùútù. Ẹ̀dá jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ara wọn rí bí àpáàdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò, èémí wọn sì dà bí ọyẹ́. Wọ́n jókòó yí ààrò kan ká, wọ́n na ọwọ́ sí i. Kò sí iná nínú ààrò náà. Kò sí èédú, kò sí eérú. Wọ́n ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ara wọn ń móoru máa ń jókòó, àwọn náà wá ń jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n ń retí.

Àgbà wọn rí èéfín tín-ín-rín tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò Àwẹ̀ró. Ó dìde. "Ìyá," ó ní, "ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, baba," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ẹ fún wa níbẹ̀."

Ọdẹ́lànà na ìbọn sí àárín wọn. "Ẹ má sún mọ́ ọn. Iná ọmọ mi ni. A kò gbé e ti ilé bọ̀ kí àwọn òkú lè máa yá a."

Wọ́n kàn tún padà jókòó, wọ́n na ọwọ́ sí ààrò òfìfo náà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró lè gbójú kúrò. Ó rọra ti ẹnu ìbọn ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ti ewé lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ nídìí ààrò, ó bu ẹ̀yinná sí i. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ti ń to igi, bí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ, àti bí wọ́n ti ń fi eérú bò ó bí wọ́n bá fẹ́ sùn.

"Bí ẹnikẹ́ni bá wá bu iná lọ́dọ̀ yín," ó ní, "ẹ má bi í ní ìbéèrè. Ẹ bù ú fún un."

Ọdẹ́lànà kò bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ kejì. Ó ń dá sọ ọ́ lójú ọ̀nà pé ó ti fi iná ọmọ ta iwin lọ́rẹ, àti pé bí ìkòkò bá ṣófo kí wọ́n tó dé, kí wọ́n má pe orúkọ òun sí i.

Ọjọ́ náà ni wọ́n dé etí odò ńlá tó pààlà igbó àti ilẹ̀ àwọn apẹja. Àgọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹ mà gbọ́: kì í ṣe ti iwin. Àgọ́ ọdẹ gidi ni, àwọn ọdẹ kan ló pa á tí wọ́n sì ti lọ. Ibùsùn igi wà níbẹ̀, igi tí wọ́n ń sá ẹran lé wà níbẹ̀, ààrò olókùúta sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Inú ọ̀gá mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ padà. Ó bọ́ bàtà, ó fi ìbọn kọ́, ó sùn bí ẹni tó wà nílé.

Ẹ̀yinná inú ìkòkò ti kéré. Ní ìdájí, Àwẹ̀ró dà á sínú ààrò, ó kó igi sí i kó lè tún lágbára, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò láti lọ bọ́jú.

Ohun àkọ́kọ́ tí Ọdẹ́lànà kọ́ èmi gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn, ó ní: "Bí o bá jí ní àgọ́, kí o tó mú nǹkan kan, bomi pa iná." Ọdẹ tó bá fi iná sílẹ̀ nínú igbó lè jó oko gbogbo ìlú. Ọ̀gá mi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró de orí rẹ̀ mọ́ bó bá di ti ìyẹn.

Ó jí. Ó rí àgọ́ ọdẹ, ó rí iná lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé akèrègbè, ó da omi sí i, ó fẹsẹ̀ tẹ eérú náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ó wá na ọwọ́ sí ìbọn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Nígbà tí Àwẹ̀ró gòkè odò dé, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìka wa eérú tútù kiri. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ṣì ń kán omi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é," ni Ọdẹ́lànà wí.

"Mo mọ̀."

"Mo ní ìṣáná nínú àpò mi. Jẹ́ kí n ṣá òmíràn. Iná ni iná ń jẹ́, Àwẹ̀ró. Ta ni yóò mọ̀?"

Àwẹ̀ró wò ó. "Ọdẹ́bùnmi yóò bi mí pé ṣé iná wa nìyí. Ẹ̀yin ni ẹ máa dá a lóhùn. Ẹ ó wo ojú rẹ̀, ẹ ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀gá mi ti pa irọ́ fún ọba rí, ẹ má sọ pé ẹnu mi ni ẹ ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ọmọ náà lọ́kàn rẹ̀ bó ti rí lọ́jọ́ tó ń lọ, tó ń wẹ̀yìn títí ó fi wọgbó lọ, bóyá ẹnìkan yóò pè é padà. Ó tú ìṣáná náà dà sínú odò. Ó mú ìkòkò òfìfo, ó sì mú òṣùká.

"Máa bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọdá," ó ní. "Bá mi bẹ àwọn àna wa kí wọ́n dúró dè mí."

Bí ó ti ń gun òkè àwọn Olótùútù padà, èéfín ló kọ́kọ́ rí. Ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn náà. Àwọn ẹ̀dá náà jókòó yí ààrò wọn ká, ara wọn ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì sùn lọ fọnfọn níbi tó jókòó sí. Wọ́n rí i, wọ́n yíjú sí ìbọn rẹ̀.

Ọdẹ́lànà gbé ìbọn sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, òun tí ìlú ń bẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè. "Mo wá tọrọ iná," ó ní. "Mo bú yín nígbà tí ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀tọ́ yín ni bí ẹ bá bú mi padà."

Àgbà wọn sún mọ́ ọn. "Ìyá ní kí a má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Dìde. Ṣùgbọ́n báwo ni tìrẹ ṣe kú?"

Ọ̀kan nínú wọn rán àgbà náà létí pé ìbéèrè nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n dáhùn," ni Ọdẹ́lànà wí. "Ọwọ́ mi ló pa á."

"Jókòó nígbà náà," ni àgbà náà wí. "Jẹ́ kí ọwọ́ náà bọ́ iná yìí."

Ó jókòó láàárín wọn, ó ń fi igi sí iná díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbàkúùgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì yà sí ìhà akèrègbè omi rẹ̀, àgbà náà a fi ìka tútù kan án lọ́rùn ọwọ́. Wọn kò jẹ́ kó lọ títí tí ọwọ́ náà fi jáwọ́ nínú yíyà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bu ẹ̀yinná sí ìkòkò rẹ̀ ju bí Àwẹ̀ró ti bù fún wọn lọ.

Ẹ bá mi wo ọ̀gá mi lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ìkòkò lórí, tó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Òjò wẹliwẹli bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn, ó bọ́ ọ, ó fi bo iná, ó sì rìn ní ara lásán nínú òjò náà. Ó ní òtútù mú òun, òun sì ń bá ìkòkò náà sọ̀rọ̀ kí iná inú rẹ̀ má baà sùn lọ.

Nígbà tó dé Etí-Ọ̀sà, wọ́n ti tẹ́ ẹní ìsọmọlórúkọ. Omi wà nínú agbada, ó tutù. Ìyá Kúyọ̀rọ̀ ń rọra bi Àwẹ̀ró pé títí di ìgbà wo, Àwẹ̀ró sì ń dá a lóhùn pé títí yóò fi dé. Ọdẹ́bùnmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ó rí baba rẹ̀ láìwọ ẹ̀wù, láìgbé ìbọn dání, nítorí ó ti gbàgbé ìbọn náà sórí òkè. Ó dìde, ó wo inú ìkòkò kó tó wo ojú rẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé iná wa nìyí?"

"Òun ni," ni Ọdẹ́lànà wí. "Mo pa á lójú ọ̀nà, mo sì padà lọ bù ú lọ́wọ́ àwọn tí ìyá rẹ fún. Ọjọ́ tí ò ń lọ ló yẹ kí ó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Ọdẹ́bùnmi gbé ọmọ fún un, ó gba ìkòkò. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Wọ́n dá iná, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, Àwẹ̀ró wẹ ọmọkùnrin náà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí ó kan àwọn òbí ìyá láti fún un lórúkọ, gbogbo wọn rò pé ọ̀gá mi yóò wá orúkọ ńlá kan tó kún fún ẹkùn. Ó ní Ọdẹ́padà ni kí wọ́n máa pe ọmọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn èrò ti ń túká, Àwẹ̀ró rí Ọdẹ́lànà tó dìde, tó gbé agbada omi, tó ń lọ sí ìdí ààrò. Ó ń wò ó lọ. Ọdẹ́lànà dé ibẹ̀, ó dúró. Ó gbé omi náà kalẹ̀ síbi tó jìn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú igi kan, ó fi sí iná náà.

Ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé, ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Iná tí ẹ ń yá láti ìrọ̀lẹ́ yìí, ìdí ààrò Àwẹ̀ró ni mo ti bù ú lọ́jọ́ tí mo gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ ọdẹ, nítorí náà ẹ kúrò nídìí akèrègbè omi yẹn, kí ẹnìkan fi igi sí iná náà.